Ta Ló Sọ Fún Yín Pé Bẹ́ẹ̀ Ló Yẹ Kó Rí?

Ìbéèrè kan ti ń jà rànyìn lọ́kàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nọ́ọ̀sì ló bi mí. Kò le, kò sì gùn, ó sì ti yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn mi kí n tó rí nǹkan fi dá a lóhùn. Mo gbé e délé, mo gbé e dé kíláàsì. Mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ JSS 2 lọ́wọ́, òun ló ń dún létí mi. Ìgbà tí kò fẹ́ fi mí lọ́rùn sílẹ̀ ni mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí.

Ẹ̀jẹ̀ mi ni kò tó. Ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Ní Kabba níbí, obìnrin wo ni wọn ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún rí? Bí o bá lọ tọ́jú ibà, wọ́n á fa abẹ́ ojú rẹ wálẹ̀ wò, wọ́n á ní kí o máa mu oògùn ẹ̀jẹ̀. Bí o bá bímọ, oògùn ẹ̀jẹ̀. Bí òòyì bá kọ́ ọ níbi tí ẹ ti ń kọrin ìyìn, ìyàwó pásítọ̀ gan-an á fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní kí o máa mu oògùn ẹ̀jẹ̀. Mo ti mu ti inú ìgò, mo ti mu oníhóró, mo ti mu oníkápúsù. Ara á yá fún sáà kan. Tó bá tún ṣe díẹ̀, mo ti ń mí hẹlẹ tí mo bá gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa, àyà mi á máa lù kìkì, n óò sì dúró ṣe bí ẹni pé mò ń wo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kí àwọn ọmọ má baà mọ̀ pé èémí ni mò ń wá.

Àwọn kan tilẹ̀ ti bá mi gbé e dé orí òkè àdúrà. Wọ́n ní àwọn ayé ló ń mu ẹ̀jẹ̀ mi lóru. Mo ṣe àmín. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tó bá yá, torí ó wà lóòótọ́.

Bíró pupa

Kílíníkì kékeré kan ni mo wà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lára mi, èsì ti jáde: PCV, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú 100 ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 24. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé haemoglobin, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, kò yẹ kó dín ní 12 lára obìnrin tí kò lóyún, ti aláboyún kò yẹ kó dín ní bíi 11. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ ó rí i ní PCV: bíi 36 àti 33. Ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń gba ìtọ́jú á ní 30 kò burú. Kí aláìsàn tó dé rárá la ti rẹ òṣùwọ̀n sílẹ̀ dè é.

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà ló jókòó sídìí tábìlì. Ó wo èsì náà, ó wò mí.

"Mọ́mì, nǹkan oṣù yín ńkọ́? Ṣé ó máa ń pọ̀?"

"Rárá mà. Bó ṣe máa ń rí náà ni."

Oríṣiríṣi dókítà ni mo ti fún ní èsì yìí láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Wọ́n á kọ nǹkan sínú káàdì, wọ́n á kọjá sí ìbéèrè tó kàn. Èyí kò kọ nǹkan kan. Ó dojú káàdì mi délẹ̀, ó yọ bíró pupa nínú àpò, ó sì fa àpótí gbọọrọ mẹ́ta sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tọ́ bíró kán sí àárín àkọ́kọ́. Ó kun èkejì dé ìdajì. Ẹ̀kẹta ló pẹ́ lórí rẹ̀: ó ń ha á lọ, ó ń ha á bọ̀, títí ìwé fi rọ̀ tí tàdáwà sì ń dán lórí rẹ̀.

"Páàdì rèé. Tí ẹ bá yọ tiyín, èwo ló jọ?"

Kò tíì kun ún tán tí mo ti fi ìka lé ẹ̀kẹta.

"Irú èyí mélòó lóòjọ́, ní ọjọ́ tó bá le jù?" Mo fi ìka kà á fún un. "Lóru ńkọ́?" Mo ní mo máa ń tẹ́ aṣọ méjì léra wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì máa ń ṣètò fóònù kó jí mi láàárín òru kí n lè lọ pààrọ̀. "Ẹ̀jẹ̀ tó dì ńkọ́?" Mo fi àtàǹpàkò mi hàn án. "Ṣé ó máa ń kọjá ọ̀sẹ̀ kan?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ sì ní kò pọ̀."

"Nọ́ọ̀sì, bó ṣe máa ń rí láti kékeré nìyẹn."

"Ta ló sọ fún yín pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí?"

Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó kọ síkáànì sórí ìwé fún mi, ó pe ẹni tó kàn.

Mo padà wá kà pé kì í ṣe òun ló dá àwòrán yẹn sílẹ̀. Láti 1990 ni àwọn dókítà ti ń lo irú rẹ̀, nítorí wọ́n ti rí i pé tí wọ́n bá bi obìnrin bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ohun tó ti mọ́ ọn lára ló máa fi dáhùn. Ẹni tó ń ṣètò fóònù láti jí lóru á ní kò pọ̀. Ẹni tí kò ṣe tó bẹ́ẹ̀ lè ní ó pọ̀. Àwòrán ni kì í ti ẹnì kan lẹ́yìn.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa"

Mo kọ́kọ́ lọ bá màámi. Mo ní kí n mọ ẹni tó sọ fún mi. Wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí lórí atẹ́, wọn ò gbójú sókè.

"Àwa obìnrin ilé wa, ẹ̀jẹ̀ wa máa ń pọ̀ ni. Bí ti ìyá mi ṣe rí nìyẹn. Àkísà ni wọ́n ń dì nígbà náà, wọ́n sì ń lọ sóko."

Mo gbọ́ ìwúrí díẹ̀ nínú ohùn wọn. Àwọn àgbà wa gbà pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dà púpọ̀, ara rẹ̀ ló ní púpọ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìyàrà. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni tòun, ṣé mo ti wá gbàgbé ni? Mi ò gbàgbé. Yàrá kan náà la jọ sùn dàgbà. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń tẹ́ aṣọ méjì.

Ọkàn mi balẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan. Àwa mẹ́ta la jọ rí bákan náà, kò sì sẹ́ni tó kú nínú wa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìbéèrè nọ́ọ̀sì tún dún, tó sì dún yàtọ̀. Ìju (fibroid), kókó inú ilé ọmọ tó lè mú kí nǹkan oṣù pọ̀, máa ń tẹ̀lé ìdílé. Ó sì wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn ẹ̀yà mìíràn lọ. Àìsàn kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì náà wà tí a lè bí mọ́ ènìyàn. Pé ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe é kò fi hàn pé kò sí nǹkan. Ó lè jẹ́ ẹ̀rí gan-an pé nǹkan wà.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó yí mi ká. Nínú yàrá àwọn olùkọ́, ọ̀kan nínú wa máa ń jẹ ìrẹsì tí kò jinná, ó máa ń dì í sínú ọ̀rá, á máa jù ú sẹ́nu ní hóró hóró tó bá ń kọ nóòtì. Òmíràn máa ń ra omi inú ọ̀rá tó ti di yìnyín, kì í dúró kó yọ́, ńṣe ló ń rún un wómúwómú. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àìtó irin lára, irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, wà lára ohun tó ń mú kí yìnyín, ìrẹsì tútù tàbí amọ̀ máa wu ènìyàn jẹ.

Ìwádìí NDHS tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 rí i pé nínú 100 obìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49, ẹ̀jẹ̀ 58 ni kò tó. Nínú àwọn ọmọ oṣù 6 sí 59, 68 ni. Ẹ kà á dáadáa. Ó ti ju ìdajì lọ. Tí mo bá wo ọ̀tún, tí mo wo òsì, kí n lè mọ bí ara obìnrin ṣe yẹ kó rí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó bíi tèmi ni mò ń fi ara mi wé. Àìsàn tó bá ti kárí ilé kì í pe ara rẹ̀ ní àìsàn mọ́. Á ní òun ni ìṣe wa. Á ní òun ni obìnrin. Tó bá sì rẹ̀ ọ́, wọ́n á ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ìwọ náà á sì gbé agbada gààrí kaná.

Ọgbà iṣu

Ohun tí PCV kò sọ ló pọ̀ ju ohun tó sọ lọ. Ara máa ń kó irin pamọ́, èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní ferritin. Ẹni tó ní iṣu lọ́gbà lè gún iyán lálaalẹ́ bó ṣe ń gún un tẹ́lẹ̀, aládùúgbò á máa gbọ́ ìró odó, á sì gbà pé oúnjẹ wà nílé. Ọjọ́ tí odó bá dákẹ́, ọgbà ti ṣófo tipẹ́. PCV ni ìró odó yẹn. Obìnrin lè ní PCV 36 kó má sì ní nǹkan kan nípamọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tí ferritin àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le bá ti dín ní 15, ìpamọ́ ti tán. Tí ibà tàbí àrùn mìíràn bá wà lára, ferritin máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ, ìdí nìyẹn tí dókítà fi gbọ́dọ̀ bá ènìyàn kà á.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ẹ jẹ́ ká ṣe é lórí pátákó. Mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan gbé nǹkan bí ìdajì mìlígíráàmù irin lọ́wọ́. Nǹkan oṣù tí kò ní wàhálà máa ń tó mìlílítà 30 sí 40. Tó bá ti kọjá 80, àwọn dókítà kà á sí àpọ̀jù. 80 yẹn á kó mìlígíráàmù 40 lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, awọ ara àti ìfun ń sọ bíi mìlígíráàmù kan nù lóòjọ́ láìjẹ́ pé ènìyàn ṣẹ̀jẹ̀ rárá, ìyẹn 28 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ohun tó jáde di 68. Kí ló wọlé? Láti inú oúnjẹ, ìfun kì í sábà fa ju mìlígíráàmù kan sí méjì lọ lóòjọ́. Ká tiẹ̀ ní méjì géérégé ni lójoojúmọ́, 56 ló wọlé. Tí irin bá ti wọ́n lára, ìfun máa ń gbìyànjú láti fà sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n ó níbi tó lè gbìyànjú dé. Èmi tí mò ń ṣètò fóònù láti jí lóru kò sì dúró sí 80.

Gbèsè oṣooṣù nìyẹn. Ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ kan á san díẹ̀ níbẹ̀, oṣù tuntun á tún gbé òmíràn dé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn tí a bá ń kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún obìnrin láti ọdún dé ọdún tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde.

Ohun pupa, ohun dúdú, àti àwo bàbá

Ká má parọ́, ohun tó bá ti pupa la gbà pé ó ń di ẹ̀jẹ̀. Sóbò pupa. Omi pòròpórò ọkà bàbà pupa. Tòmátò inú agolo pupa. Ọba gbogbo wọn ni mọ́ọ̀tì tí a pò mọ́ mílíìkì, tí wọ́n ń gbé wá bá aláìsàn láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Lọ́kọ́ja. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má mu mọ́ọ̀tì, ó dùn, ó sì ń fún ẹni tí kò lè jẹun lágbára díẹ̀. Àmọ́ kálísíọ́ọ̀mù inú mílíìkì máa ń dí irin lọ́wọ́ láti wọ ara. Ẹni tó bá fi mọ́ọ̀tì àti mílíìkì sin oògùn irin rẹ̀ ti fi ọwọ́ kan gbé e, ó sì ti fi èkejì gbà á padà.

Tíì náà ńkọ́? Níbí, ohunkóhun tó bá gbóná nínú kọ́ọ̀bù ni tíì, ìbáà jẹ́ kòkó. Bàbá wa sì gbin kọfí káàkiri ilẹ̀ yìí, láti Kabba dé ìhà Ìjùmú. Tíì gidi, kọfí àti kòkó, gbogbo wọn ló ní èròjà tó ń so mọ́ irin nínú ìfun tí kì í jẹ́ kó wọlé. Kì í ṣe pé kí a má mu ún mọ́. Kó jìnnà sí oúnjẹ gidi àti sí oògùn irin ni, bíi wákàtí kan tàbí méjì.

Irin inú ẹran, ẹja àti ẹ̀dọ̀ máa ń wọ ara ju ti ewé àti ẹ̀wà lọ. Nínú ti ẹran, ara lè gba ìdá 15 sí 35 nínú 100. Nínú ti ewé àti hóró, ìdá 2 sí 20. Ìyẹn kò sọ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ẹ̀wà di aláìwúlò. Wọ́n nílò alábàárìn ni: ẹja díẹ̀ nínú ọbẹ̀, tàbí ọsàn tàbí gúáfà lẹ́yìn oúnjẹ, torí vitamin C ń bá ara fa irin inú ewé. Kí a rẹ ẹ̀wà sómi fún wákàtí díẹ̀ kí a tó sè é náà ń ṣèrànwọ́. Iyán tí a fi ń yangàn kò ní irin tó bẹ́ẹ̀. Inú ọbẹ̀ rẹ̀ ló yẹ kí ojú wà. Pọ̀nmọ́ náà, ẹ má bínú, kò ṣe nǹkan púpọ̀ fún ẹ̀jẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti ń ká mi lára jù kì í ṣe ohun tó wà lọ́jà, bí kò ṣe bí a ṣe ń bu ọbẹ̀. Nílé wa, àwo bàbá ni ẹran tó tóbi jù ń lọ, ẹ̀dọ̀ àti iwe náà ńbẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin ló kàn. Ìyá á fi ọmọrogùn fá ìdí ìkòkò, á ní ọbẹ̀ nìkan ti tó òun. Ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù nínú ilé ni ẹran rẹ̀ kéré jù. Mo ti yí i padà nílé tèmi. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní ṣé dókítà ló kọ ẹ̀dọ̀ fún mi? Mo ní ìṣirò ló kọ ọ́.

Níwájú dókítà

Síkáànì fi ìju hàn. Bí mo ṣe lọ, bí mo ṣe bọ̀, bí mo ṣe ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, kò sí ohun tí ẹ ò mọ̀ níbẹ̀: ẹ jí lóru, ẹ gba nọ́ńbà, ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ìdí á fi kú. Ferritin ni a ní láti wá lọ sí Lọ́kọ́ja.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni bí àkókò tí a ń lò níwájú dókítà ṣe kúrú tó. Lẹ́yìn ìjókòó láti àárọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nítorí náà mi ò lọ pẹ̀lú ẹnu lásán mọ́. Mo ń kọ ọ́ sínú fóònù: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, páàdì mélòó, èwo nínú àwòrán mẹ́ta yẹn, ẹ̀jẹ̀ dídì, òru. Mo na fóònù náà sí dókítà. Ó kà á, ó gbé pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò tíì rí kí dókítà gbé pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀ fún "bó ṣe máa ń rí náà ni" rí.

Ó ṣàlàyé pé oògùn wà tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù ní àwọn ọjọ́ tó bá le, pé ohun kan wà tí wọ́n lè fi sínú ilé ọmọ tó ń tú hòmóònù jáde díẹ̀díẹ̀, pé iṣẹ́ abẹ náà wà. A ń bá a lọ lórí èyí tí a máa mú. Ní ti irin, hóró ferrous sulphate kan tó jẹ́ mìlígíráàmù 200 ní irin bíi 65 nínú. Ẹ fi omi tàbí omi ọsàn mu ún, kì í ṣe mílíìkì. Ìgbẹ́ á dúdú, kí ẹ̀rù má bà yín. Ó lè mú kí ìgbẹ́ le, ó lè mú èébì gbé yín. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má kàn jù ú sílẹ̀. Mo bi tèmi bóyá kí n mu ún ní ìlọ́po méjì kó lè tètè ṣiṣẹ́. Ó ní tí irin púpọ̀ bá dé lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀dọ̀ máa ń tú èròjà kan jáde tó ń ti ìlẹ̀kùn ìfun títí di ọjọ́ kejì. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Switzerland, tó jáde ní 2017, rí i pé àwọn obìnrin tó ń mu ún ní ọjọ́ kan, tí wọ́n fo ọjọ́ kejì, ara wọn ń fa ìdá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ju àwọn tó ń mu ún lójoojúmọ́ lọ. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dáwọ́ dúró gbàrà tí ara bá ti yá, ìró odó nìkan ló padà. Wọ́n ní kí a máa lò ó lọ fún bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí PCV bá ti pé, kí ìpamọ́ lè kún. Ẹ sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Hóró mélòó kan lè pa ọmọ kékeré. Ọmọ tó jẹ́ SS náà, kí ẹnikẹ́ni má kàn gbé oògùn irin fún un torí pé ojú rẹ̀ funfun. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ pé irin ló wọ́n ọn.

Ẹni tó ń mu ẹ̀jẹ̀

Mo ṣèlérí láti padà síbí. Aràn kan wà tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé láti inú ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣu ìgbẹ́ sí. Á lọ fi eyín kọ́ ìfun, á sì máa mu ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ọmọ tó ń sáré káàkiri láìwọ bàtà, àgbẹ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ lásán kọ ebè, àwọn ló máa ń mú jù. Oògùn aràn kì í wọ́n. Mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà o, ṣùgbọ́n ẹ lo oògùn aràn pẹ̀lú rẹ̀.

Ọkùnrin náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin kì í ṣe nǹkan oṣù, nítorí náà tí irin bá wọ́n ọn, ìbéèrè nọ́ọ̀sì yẹn le fún un ju tèmi lọ: níbo ló ń gbà jáde? Ọ̀pọ̀ ìgbà, inú ni. Ọgbẹ́ inú lè máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Àwọn bàbá wa tó ń ti oko bọ̀ nírọ̀lẹ́ máa ń lá oògùn ìrora oníyẹ̀fun nítorí ẹ̀yìn ríro. Aspirin wà nínú rẹ̀, aspirin sì máa ń dá ọgbẹ́ sí inú, ó tún máa ń mú kí ọgbẹ́ náà ṣẹ̀jẹ̀. Bàbá á ní ó rẹ òun, wọ́n á ní ọjọ́ orí ni. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ni ó ń rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń lá a.

Ẹ̀gbọ́n mi

PCV mi ti gun òkè. Ìpamọ́ ni kò tíì pé. Màámi ti gbà pé kí n máa lo oògùn mi, wọ́n kàn ní kí n má polongo rẹ̀ ni, ohun tí mò ń ṣe níbí báyìí gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi ni a ò tíì fẹnu kò. Ó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Ó ní, "Àbúrò mi, ó kù díẹ̀ kó dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ gbé e lọ síwájú ọkùnrin fún?" Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí nǹkan oṣù bá dúró, ìju máa ń sún kì. Ṣùgbọ́n ó lè gba ọdún mélòó kan kó tó dúró, àwọn ọdún yẹn gan-an lẹ̀jẹ̀ sì lè le jù. Tí ẹ̀jẹ̀ bá sì tún dé lẹ́yìn tó ti dúró fún ọdún kan, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń dúró wò rárá. Mo sọ gbogbo èyí fún un lórí fóònù. Ó ní mo ti di dókítà.

Ó gbà pé tí wọ́n bá wa iṣu tán, òun á bá mi lọ, fún PCV nìkan o, kí n má gbé ọ̀rọ̀ síkáànì wá. Mo ní kò burú. Kó tó dìgbà náà, mo ní kó máa sàmì sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lára ògiri pálọ̀ wọn, àmì kan fún páàdì kan. Ó ní ọkọ òun á rí i, á sì bi òun pé kí ni ìyẹn. Mo ní kó sọ fún un.